Orí Kẹrin: Fífi Àwòrán Géèmù Àtijọ́ Sí Ìwọ̀n Rẹ̀ Lójú Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí ilé iṣẹ́ Namco ní ilẹ̀ Jàpáàn gbé Pac-Man jáde ní ọdún 1980, wọn kò ṣe é fún ojú kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ṣe é fún tẹlifíṣọ̀n inú pálọ̀. Inú àpótí gíga kan tí ènìyàn ń dúró níwájú rẹ̀ ni wọ́n gbé e sí, tòun ti ojú tirẹ̀, tí wọ́n gbé dúró lóòró, tí wọ́n sì ti wọn ìbú àti gíga rẹ̀ mọ́ àwòrán náà kí àpótí ó tó kúrò ní ilé iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ti owó ẹyọ bọ inú ihò rẹ̀, ìbáà ṣe ní Tokyo, ìbáà ṣe ní London, ohun tí Toru Iwatani tí ó ṣẹ̀dá eré náà fi ojú ara rẹ̀ rí ni olúwarẹ̀ rí, nítorí pé kò sí alárinà kankan láàárín ẹni tí ó yà á àti ẹni tí ń wò ó.

Lónìí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ọ̀dọ́ tí ó jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ìbáà jẹ́ ní Ìdúmàgbò, ìbáà jẹ́ ní Òkè Arìn, ìbáà jẹ́ ní ìtòsí Ìgà Ìdúngànràn níbi tí ọba ìlú ń gbé, tí ó sì fẹ́ ta Pac-Man lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, àwòrán náà ní láti gba ọwọ́ mẹ́ta kọjá kí ó tó kan ojú rẹ̀. Ọwọ́ kìn-ín-ní ni MAME, ètò tí ń sín ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ jẹ, èyí tí Nicola Salmoria ará Ítálì kọ́kọ́ gbé síta ní oṣù kejì ọdún 1997; ọwọ́ kejì ni káàdì àwòrán tí ń bẹ nínú kọ̀ǹpútà, tí àwọn tí ń tà á ń pè ní graphics card; ọwọ́ kẹta ni tẹlifíṣọ̀n tàbí mọ́nítọ̀ tí ó kángun sí wa. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó mọ bí a ti ń na àwòrán, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni yóò sì nà án bí a kò bá dá a lẹ́kun. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Níhìn-ín, alágbàtà ní í sọ àwòrán di ìdàkudà. Ohun tí mo ní láti sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé mi nínú orí ìwé yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ jẹ́ kí ọwọ́ kan ṣoṣo máa na àwòrán, kí ó jẹ́ ọwọ́ MAME tí ó mọ ìtàn géèmù náà láti ilé, kí ọwọ́ méjì yòókù sì jókòó jẹ́ẹ́.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, nítorí náà ìwọ̀n àwòrán ni a ó kọ́kọ́ mọ̀. Píksẹ́lì ni orúkọ àwọn ẹyọ àmì wínníwínní tí a tò pọ̀ di àwòrán. Space Invaders tí ilé iṣẹ́ Taito gbé jáde ní ọdún 1978 ní píksẹ́lì 224 níbùú àti 256 lóòró. Pac-Man ní 224 níbùú àti 288 lóòró. Street Fighter II tí Capcom gbé jáde ní ọdún 1991 ní 384 níbùú àti 224 lóòró. Àwọn eré orí ẹ̀rọ Neo Geo ti ilé iṣẹ́ SNK ní 320 níbùú àti 224 lóòró. Ṣùgbọ́n bí iye wọ̀nyí ti yàtọ̀ síra tó nì, irú ojú gíláàsì kan náà ni a fi ń wo gbogbo wọn: èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 4 nígbà tí òòró rẹ̀ jẹ́ 3, tàbí èyí kan náà tí a gbé dúró tí ó fi di 3 sí 4. Ẹni tí ó bá ṣírò 384 sí 224 yóò rí i pé ó fẹ̀ ju 4 sí 3 lọ dáadáa. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé píksẹ́lì Street Fighter II kò ní igun mẹ́rin tí ó dọ́gba. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ga díẹ̀. Bí ẹ bá sọ pé dandan ni kí ó dọ́gba, Ryu àti Chun-Li tí ń jà nínú rẹ̀ yóò sanra lójú yín ju bí àwọn tí ó yà wọ́n ti fẹ́ lọ. Ìrísí ni ẹ̀gbọ́n, iye píksẹ́lì ni àbúrò; ìrísí ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú.

Ìrísí 4 sí 3 yìí kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Láti ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ni ilẹ̀ wa ti ń wo tẹlifíṣọ̀n nínú ìrísí yìí, tí a fi dé ìgbà tí àwọn tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ìsinsìnyí dé, tí ìbú tiwọn jẹ́ 16 sí òòró 9. Láti ìgbà náà ni ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ti fẹ́ rí òkùnkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán mọ́, tí wọ́n fi ń na gbogbo nǹkan kún ojú gíláàsì bí ẹni pé owó tí wọ́n fi ra tẹlifíṣọ̀n yóò ṣòfò bí ìbú ìka mẹ́rin bá ṣófo lára rẹ̀. Ohun tó yẹni ní ń yẹni, okùn ọrùn kò yẹ adìẹ. Lójú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó ní píksẹ́lì 1366 níbùú àti 768 lóòró, bí irú èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú tòkunbọ̀ tí a ń rà, àwòrán 4 sí 3 tí ó kún òòró gbọdọ̀ gba 1024 níbùú, kí 171 sì ṣókùnkùn ní apá ọ̀tún, kí 171 ṣókùnkùn ní apá òsì. Pac-Man tí a bí lóòró tilẹ̀ nílò 576 péré níbùú. Bí ẹ bá fi ipá nà án dé 1366, ẹ ti sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀nà tí ó ń rìn yóò gùn lápá kan, yóò kúrú lápá kejì, eré náà yóò sì dojú rú mọ́ ẹni tí ń ta á lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí òkùnkùn náà wà níbẹ̀.

Rúlà ni ẹlẹ́rìí tí kì í purọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kọ̀ǹpútà alágbèéká oníwọ̀n ínǹṣì 15.6 ní òòró ojú tí ó jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 19. Bí Street Fighter II bá kún òòró náà, ìbú rẹ̀ gbọdọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 26. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n tí ẹ rí 34, ẹnìkan ti nà án lẹ́yìn yín, ẹ sì ní láti wá ẹni náà kàn.

Láti ẹ̀yìn wá sí iwájú ni mo máa ń gbà á wá, tẹlifíṣọ̀n ni mo sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ, bí a bá tilẹ̀ fi wáyà HDMI so kọ̀ǹpútà mọ́ wọn, ṣì ń fẹ àwòrán díẹ̀ kí etí rẹ̀ lè wọlé sábẹ́ férémù, àṣà tí wọ́n jogún láti ayé ìgbà tí etí àwòrán tẹlifíṣọ̀n kì í mọ́. Ẹ wọ inú ètò tẹlifíṣọ̀n náà, ẹ wá ibi tí a ti ń yan ìwọ̀n àwòrán: lórí LG, ẹ ó yan Just Scan, lórí Samsung, Screen Fit, lórí Sony, Full Pixel. Lẹ́yìn èyí, ẹ yan Game Mode, nítorí pé tẹlifíṣọ̀n ìsinsìnyí máa ń dá àwòrán dúró lọ́dọ̀ ara rẹ̀ kí ó lè kùn ún ní ìkunra, ìdádúró náà sì ni ẹ ń rí nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì ẹ̀ṣẹ́, tí ọmọlúwàbí inú géèmù kò tíì gbé ọwọ́ sókè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti di ẹ̀bi èyí ru kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì lọ ra òmíràn, nígbà tí ó jẹ́ pé bọ́tìnì kan lára rìmóòtù ni ìwòsàn rẹ̀.

Ọwọ́ tí ó kàn ni káàdì àwòrán. Ẹ kọ́kọ́ fi Windows sí ìwọ̀n tí a dá mọ́ ojú yín: 1366 sí 768 bí ojú bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, 1920 sí 1080 bí ó bá jẹ́ èyíinì, kí ẹ má sì sọ ọ́ kalẹ̀ sí 640 sí 480 nítorí pé géèmù náà jẹ́ ti àtijọ́. Àmọ̀ràn pé kí a sọ ọ́ kalẹ̀ dára ní ayé mọ́nítọ̀ ẹlẹ́yìn ńlá, ṣùgbọ́n lójú pẹlẹbẹ, ìwọ̀n kékeré tí ẹ yàn ni káàdì tàbí mọ́nítọ̀ yóò tún nà padà, ẹ ó sì ti pe alágbàtà kejì sí ọjà. Bí ẹ bá ní káàdì Intel, ẹ ṣí ètò rẹ̀, ẹ wá Scaling, ẹ sì yan Maintain Aspect Ratio. Bí ó bá jẹ́ NVIDIA, ẹ lọ sí ibi tí a kọ Adjust desktop size and position sí, ẹ yan No scaling, kí iṣẹ́ náà sì wà lọ́wọ́ GPU, èyíinì káàdì náà fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ AMD, ẹ pa GPU Scaling. Ní ọdún 2019, ilé iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí fi ohun tí wọ́n pè ní Integer Scaling kún ètò wọn, ohun rere sì ni fún àwọn géèmù Windows àtijọ́ tí kò lè na ara wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ń lo MAME kò ní í fi ṣe ohunkóhun.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wá sọ́dọ̀ MAME gan-an, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹ ṣí fèrèsé àṣẹ Windows nínú fódà tí MAME wà, ẹ tẹ mame -createconfig, yóò sì kọ fáìlì kan tí à ń pè ní mame.ini, èyí tí ẹ lè fi Notepad ṣí. Ẹ wá keepaspect, kí iwájú rẹ̀ jẹ́ 1; èyí ni ó ń pa ìrísí 4 sí 3 mọ́, bí ẹ kò bá tilẹ̀ ka ohun mìíràn nínú orí ìwé yìí, ẹ ṣe èyí. Kí switchres jẹ́ 0, kí MAME má baà máa yí ìwọ̀n Windows padà. Kí resolution jẹ́ auto. Kí video jẹ́ d3d, nítorí pé òun ni káàdì Intel àtijọ́ gbọ́ jù. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó dé orí unevenstretch, ibi tí àríyànjiyàn wà, n ó sì dúró lé e lórí díẹ̀.

Òòró 768 pín sí ọ̀nà 224 kò bọ́ sí iye tí ó pé. Ó jẹ́ 3 àti nǹkan bí ìdajì. Bí MAME bá fẹ́ kún òòró náà, dandan ni kí ó fún ìlà mìíràn ní 3, kí ó fún ìlà mìíràn ní 4. Ẹ wo aṣọ òfì tí awunṣọ hun tí apá kan fẹ̀ ní ìka mẹ́ta tí apá kejì fẹ̀ ní ìka mẹ́rin: bí ó ti wù kí aránṣọ tí ó fẹ́ rán an pọ̀ mọṣẹ́ tó, ọnà tí ó yẹ kí ó kọjá láti apá kan dé èkejì kò ní í bá ara wọn pàdé láéláé. Bákan náà ni ara jagunjagun inú géèmù yóò máa yọ kókó, yóò sì máa lọ́ bí ó ti ń rìn, àti pàápàá àwọn lẹ́tà kéékèèké tí a fi kọ iye àmì tí ó gbà sókè, èyí tí òmíràn nínú wọn yóò sanra, tí òmíràn yóò rù. Ìwòsàn kìn-ín-ní ni pé kí ẹ sọ unevenstretch di 0, kí ẹ sì sọ unevenstretchx di 1. MAME yóò wá fi òòró sí ìlọ́po 3 gééré, èyí tí í ṣe 672, yóò fi 48 sílẹ̀ ní òkùnkùn lókè àti 48 nísàlẹ̀, yóò sì na ìbú dé 896 kí ìrísí má baà bàjẹ́. Lójú tí ó jẹ́ 1920 sí 1080, ìlọ́po 4 ni yóò gbà, 896 lóòró, 92 yóò sì ṣófo lókè àti nísàlẹ̀.

Ìwòsàn kejì wà fún àwọn tí kò fẹ́ kí àwòrán kéré. Kí unevenstretch wà ní 1, kí filter wà ní 1, ṣùgbọ́n kí prescale di 3. Èyí ni pé MAME yóò kọ́kọ́ fẹ píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní ìlọ́po mẹ́ta tí ó pé, kí ó tó wá fi ìyókù rọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ dé ibi tí ó yẹ. Etí àwọn nǹkan yóò rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kókó àti ìlọ́ ara náà kò ní í sí mọ́. Èmi fara mọ́ ti àkọ́kọ́ fún géèmù ìjà, mo sì fara mọ́ ìkejì fún Pac-Man lójú kọ̀ǹpútà 768, nítorí pé ìlọ́po 2 tí ó pé yóò fi í sí 576 lóòró, ó sì kéré jù fún ẹni tí ó jókòó jìnnà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fi filter sí 0 tí ó tún fi unevenstretch sí 1 pọ̀, àléébù méjèèjì ni ó gbà láìgba ìbùkún kankan.

Àwọn kan yóò béèrè pé ibo ni àwọn ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ wà, tí ó máa ń wà láàárín ìlà àwòrán lójú àpótí àtijọ́. MAME lè fi wọ́n síbẹ̀, nípa ètò inú rẹ̀ tí ń jẹ́ HLSL tàbí èyí tí ń jẹ́ bgfx, wọ́n sì lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n nílò àyè. Lójú 768, ìlà 224 kọ̀ọ̀kan kò ní ju píksẹ́lì mẹ́ta lọ láti fi ya ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn sọ́tọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ títí ẹ ó fi ní ojú 1080 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìdajì ẹwà tí ó ń dá ojú lágara kò sàn ju ìtẹ́lọ́rùn lọ.

Mo ti sọ pé Pac-Man dúró lóòró. Bẹ́ẹ̀ náà ni Space Invaders, Galaga àti Donkey Kong. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, nítorí náà ẹni tí ó bá ní mọ́nítọ̀ tí ìdí rẹ̀ ń yí, bí irú mọ́nítọ̀ ọ́fíìsì ínǹṣì 17 tí ó jẹ́ 1280 sí 1024 tí ó kún ọjà tòkunbọ̀, kí ó gbé e dúró lóòró fún àwọn eré wọ̀nyí. Mọ́nítọ̀ yìí, tí àwọn tí ń ṣe fíìmù ti kẹ́gàn, ni mo kà sí ohun èlò tí ó dára jù tí owó kékeré lè rà fún iṣẹ́ yìí: bí ó bá dùbúlẹ̀, Street Fighter II wọ inú rẹ̀ ní ìlọ́po 4, tí yóò kù díẹ̀ kí ó kún ìbú, bí ó bá dúró, ó di 1024 níbùú àti 1280 lóòró, Pac-Man sì wọ inú rẹ̀ ní ìlọ́po 4, 1152 lóòró, láìsí ìlà kan tí ó sanra ju èkejì. Ẹ sọ autorol di 1 tàbí autoror di 1, gẹ́gẹ́ bí apá tí ẹ yí mọ́nítọ̀ sí, kí MAME lè yí àwòrán tẹ̀lé e, kí ẹ má sì tún ní kí Windows yí i. Ọwọ́ méjì tí ó bá yí nǹkan kan náà ni yóò dá a padà sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. MAME tún ní inú rere kan: bí ẹ bá kọ fáìlì tí ẹ pè ní vertical.ini sínú fódà ini, gbogbo géèmù olóòró ni yóò máa gbọ́ràn sí i, bí ẹ bá sì kọ sf2.ini, Street Fighter II nìkan ni yóò gbọ́. Nípa báyìí, ẹ kò ní láti máa tú mame.ini palẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ eré.

Lẹ́yìn ìrísí àti ìwọ̀n, ìyára ni ó kù. Àwòrán géèmù ń tún ara rẹ̀ yà ní iye ìgbà kan nínú ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ó ṣe àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kò sì jọ fohùn ṣọ̀kan lórí iye náà. Pac-Man ń ṣe é ní ìgbà 60.6, Street Fighter II ní 59.6, R-Type ti ilé iṣẹ́ Irem ní 55, Mortal Kombat tí Midway gbé jáde ní 1992 ní 54.7. Ojú kọ̀ǹpútà yín ń ṣe é ní 60. Fún méjì àkọ́kọ́, ẹ sọ syncrefresh di 1 nínú fáìlì ini ti eré náà. Pac-Man yóò fi nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ́ra, kò sì sí etí tàbí ojú tí yóò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n àwòrán yóò máa yọ̀ geere. Ẹ má ṣe dán an wò pẹ̀lú Mortal Kombat, nítorí pé yóò fi bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún yára jù, ohùn rẹ̀ sì lè dàrú. Ohun tí ó dára jù fún irú rẹ̀ ni mọ́nítọ̀ tí ń jẹ́ kí káàdì pinnu ìyára fún òun, tí AMD pè ní FreeSync tí NVIDIA pè ní G-Sync. Púpọ̀ nínú wọn ń gba láti 48 dé 75, gbogbo eré tí mo dárúkọ sì bọ́ sáàárín rẹ̀.

Ibi kan wà tí ọmọ Èkó gbọdọ̀ ṣọ́ra sí ju ará ibòmíràn lọ. Tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ wa ń lo àwòrán 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí tòkunbọ̀ ti ń wá, Windows sì lè bá tẹlifíṣọ̀n ṣe àdéhùn lórí 50 láìsọ fún yín. Ẹ lọ wò ó nínú Advanced display, kí ó jẹ́ 60. Èkejì ni ọ̀rọ̀ iná. Bí iná bá lọ tí kọ̀ǹpútà alágbèéká bọ́ sórí bátìrì, káàdì Intel mìíràn a máa rọra sọ ìyára ojú kalẹ̀ sábẹ́ 60, a tún máa dín ìmọ́lẹ̀ kù, ọpọlọ kọ̀ǹpútà a sì máa ṣiṣẹ́ ní ìdajì agbára, gbogbo rẹ̀ láti fi bátìrì pamọ́. Ẹni tí kò mọ̀ yóò wí pé MAME ti bàjẹ́. Ẹ wọ apá Power nínú ètò Intel, ẹ pa Display Refresh Rate Switch àti Display Power Saving, kí ẹ sì fi Windows sí High performance. Ẹ tẹ F11 nínú géèmù: bí iye tí ó jáde bá jẹ́ nǹkan bí 100 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú iná àti láìsí iná, ọkàn yín lè balẹ̀.

Ní ti ríra káàdì, ọ̀rọ̀ mi kúrú. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. MAME ń fi ọpọlọ kọ̀ǹpútà ṣe púpọ̀ jù nínú ìṣirò rẹ̀, káàdì kàn ń gbé àbájáde rẹ̀ sójú ni. Ẹni tí ó bá kọjá Afárá Carter lọ sí ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́, tàbí sí Computer Village ní Ìkẹjà, tí ó sì ná gbogbo owó rẹ̀ lé káàdì olówó ńlá lórí, géèmù tí ń lọ́ra nílé yóò ṣì máa lọ́ra. Káàdì Intel tí a dá mọ́ kọ̀ǹpútà tó fún gbogbo ohun tí mo ti sọ títí di ìsinsìnyí, àfi HLSL nìkan.

Ẹni tí ó fẹ́ lo tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn ńlá nìkan ni ó ní ìdí pàtàkì láti wá káàdì kan ní pàtó, àwọn wọ̀nyí ni mo sì fẹ́ bá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Oore kan ni tòkunbọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ṣe fún wa tí ará Amẹ́ríkà kò rí: ihò ńlá onígun tí à ń pè ní SCART wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wọn, ó sì ń gba àwọ̀ pupa, ewé àti búlúù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gẹ́gẹ́ bí àpótí géèmù ti ń fún ojú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n yìí ń ya ìlà 15,625 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kọ̀ǹpútà sì ń rán nǹkan bí 31,500 jáde láti ìgbà tí a bá ti tàn án. Bí wọ́n bá pàdé bẹ́ẹ̀, àwòrán yóò fọ́ wẹ́wẹ́, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ sì lè jóná. Káàdì Radeon ti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, bí HD 5450, tí ó ní ihò VGA, pẹ̀lú ètò tí ń jẹ́ CRT Emudriver àti ẹ̀yà MAME tí ń jẹ́ GroovyMAME, ni ó ń sọ kọ̀ǹpútà kalẹ̀ sí ìwọ̀n tẹlifíṣọ̀n, tí ó sì ń fún eré kọ̀ọ̀kan ní ìlà àti ìyára rẹ̀ gan-an, kódà 54.7 ti Mortal Kombat. Káàdì tuntun kò lè ṣe é tààrà: láti orí GTX 10 ni NVIDIA ti yọ iná VGA kúrò nínú ihò DVI. Ẹ má tan tẹlifíṣọ̀n títí Windows yóò fi wọlé tán. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ iná ṣe wáyà SCART náà, nítorí pé VGA ń fi wáyà méjì rán àmì tí ń darí ìlà àwòrán, èyí tí SCART ń gbà ní ẹyọ kan, ó sì ní láti dà wọ́n pọ̀. Bí iná bá wá ní half current, tí àwòrán tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ súnkì, ẹ má fọwọ́ kan ìwọ̀n kankan títí iná yóò fi pé tàbí tí sítábíláísà yóò fi gbé e ró. Ẹ má sì ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ láéláé. Agbára iná tí ó wà nínú rẹ̀ ju fóòtì 20,000 lọ, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri.

MAME kò ní géèmù kankan nínú nígbà tí ẹ bá gbà á, àwọn géèmù náà sì ní olóhun. Capcom ń ta tirẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ rà á nínú Capcom Arcade Stadium, tí ó jáde ní ọdún 2021. Ṣùgbọ́n àwọn olóhun Robby Roto àti Gridlee, eré ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ti yọ̀ǹda wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ojúlé MAME fún ẹni tí kò ní í fi wọ́n pawó. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba owó lọ́wọ́ ọmọ àdúgbò kò sí nínú ìyọ̀ǹda yẹn. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ọmọ Èkó Akétè, ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé sójú. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, ẹ tẹ F11, ẹ kọ iye tí ẹ rí àti gbogbo ohun tí ẹ yí padà sínú ìwé kan, kí ẹ má sì ra káàdì tàbí mọ́nítọ̀ tuntun kankan kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀.